Ọdẹ́rìndé àti Ẹranko Tó Ń Gbé Ìró Ẹsẹ̀ Mì

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé àti èrò ọ̀nà. Ẹni tó bá gbé iṣu kaná kí ó lọ sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í dúró de ẹni tó ń fẹ́ná. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó bá ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ọdẹ ni èmi náà, mo sì rántí ìṣẹ́ yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n màá fún yín jẹ lónìí. Ìrìn tèmi kọ́. Ìrìn Ọdẹ́rìndé ará Ìgbòṣàn ni, ẹni tó lọ gé orí ohun tí kò ní ọrùn.

Ọdẹ́rìndé ga, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn àgbàlá. Bó bá ń fọ́nnu, àfi bí ẹni pé ẹfọ̀n ń jà lọ́fun rẹ̀. Gbogbo Ìgbòṣàn ló ń bẹ̀rù rẹ̀, àfi àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àwẹ̀ró ahunní. Ẹni tó bá sùn lórí ẹní tí Àwẹ̀ró hun, ilẹ̀ á mọ́ bá a lójú oorun.

Láti kékeré ni wárápá ti ń gbé Àwẹ̀ró ṣubú. Ilé ìwòsàn kan ń fún un ní oògùn, kì í sì í jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá kó má lò ó. Oògùn náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀: ohun tó ń wá lóṣooṣù wá di ohun tó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àìsàn rọ ọwọ́, ẹnu ayé ni kò rọ. Nígbà kan tó ṣubú nínú ilé, Ọdẹ́rìndé sáré ki ṣíbí onígi bọ̀ ọ́ lẹ́nu, nítorí wọ́n ní kò gbọdọ̀ gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Ṣíbí ṣẹ́, eyín iwájú kan sì ṣẹ́ tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ náà, bí ọdẹ bá ti ń fọ́nnu jù, Àwẹ̀ró á kàn rẹ́rìn-ín kí àlàfo eyín náà hàn. Ọdẹ á dákẹ́.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, Àwẹ̀ró ṣubú létí odò Ìṣà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń pọnmi. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Àwọn obìnrin da omi wọn nù, wọ́n fi korobá sílẹ̀, wọ́n sá. Òun nìkan ló dá jí nínú ẹrẹ̀. Èèrà ti bo apá rẹ̀ òsì, òkúta tó forí gbá sì ti là á létí.

Kí oòrùn tó wọ̀, Oyèkànmí akígbe ti ń lu agogo kiri:

“Ẹ gbọ́ o! Kábíyèsí ní kí Àwẹ̀ró ahunní kúrò nílùú kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀! Wọ́n ní itọ́ wárápá ti wọ odò tí gbogbo wa ń mu!”

Ọdẹ́rìndé kò jẹ́ kí ó kígbe náà tán tó fi dé ààfin. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó sì bú ramúramù.

“Kábíyèsí, ohun kan ló ń gbé ọmọ yìí ṣubú! Ohun tó bá ní ọwọ́ tó ń gbé ènìyàn ṣubú, ó ní orí. Èmi Ọdẹ́rìndé, tí ekùn ń yà fún lọ́nà, màá gé orí náà wá!”

Onígbòṣàn wo ìjòyè, ìjòyè wo ilẹ̀.

“Ó dára,” ni Kábíyèsí wí. “Bí o bá mú orí náà dé kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, àbúrò rẹ ò ní lọ sí ibì kankan. Bí o kò bá mú un dé, á lọ gbé ahéré inú igbó, òun nìkan. N kò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀.”

Nígbà tí ọdẹ ń di ẹrù, Àwẹ̀ró gbé àádùn lé e lọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá rí orí ẹranko náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu.”

“Àwẹ̀ró, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o!”

“Ta ní ń ṣe yẹ̀yẹ́? Èmi tí mo fẹ́ lọ máa bá ọ̀bọ gbé?” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. “Ẹ̀gbọ́n mi, ìṣubú kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ìgbà tí mo bá lajú tí n kò rí ẹnì kankan, ìyẹn ni.”

Ọdẹ́rìndé ki àádùn náà bọ àpò, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíbí onígi tuntun kan. Ó gbé ìbọn, ó lọ.

Bó ti wọ Igbó Ẹsẹ̀-Ò-Gbélẹ̀ ni iwin kan dìde lójú ọ̀nà. Orúkọ rẹ̀ ni Ojúlórúnkún, nítorí orí eékún rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà. Ìpàkọ́ ni ẹnu rẹ̀ wà. Bó bá fẹ́ jẹun, á kẹ̀yìn sí oúnjẹ. Bó bá fẹ́ wo ojú ọ̀run, á dùbúlẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ sókè.

“Ọmọ ènìyàn, kí lò ń gbé ìbọn kiri nínú yàrá mi fún?”

“Èmi ni Ọdẹ́rìndé! Èmi tí ekùn ń kí ní ẹ kú ọ̀sán!”

“Ekùn tó kí ọ, ó ti yó ni.”

Ìjà bẹ́ sílẹ̀! Iwin gbé ọdẹ, ó fi í na igi àràbà. Ọdẹ gbá a mú nídìí, ó yí i mọ́lẹ̀. Iwin gbé e padà, ó fi í na àpáta. Ìhà ọ̀tún ọdẹ wú, èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ ṣí. Nígbà tó rí i pé agbára kò gbè é, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó bu aṣáà, ó sì fẹ́ ẹ sí iwin lórí eékún méjèèjì. Háà! Iwin ń sín tìpàkọ́-tìpàkọ́. Bó ti ń sín, bẹ́ẹ̀ ló ń fò síwájú bí ọ̀pọ̀lọ́, títí ó fi bẹ̀bẹ̀.

“Ó tó, ó tó! Já àlọ́ kan péré, kí o máa lọ. Kí ló ń sanra bí a bá ń sá fún un, tó ń rù bí a bá jókòó tì í?”

“Ebi ni!” ni ọdẹ wí kíá.

Iwin rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń ṣàn sí ojúgun rẹ̀. “Ebi? Ìwọ jókòó ti ebi títí di ọ̀la, kí o wá sọ fún mi bóyá òun ló rù àbí ìwọ. Kọjá lọ. Ìlú tó wà níwájú á kọ́ ọ ní ìdáhùn.”

Ìlú tó wà níwájú ni Ìlú Asáfúnra. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ìlú ńlá, ẹ kò rí irú èyí. Ilé kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí òkìtì tirẹ̀, ẹ̀gún yí i ká. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fún aládùúgbò ní iyọ̀, orí ọparun gígùn ló ń so ó mọ́. Lórí òkè ni ọkọ ti ń kígbe sí ìyàwó pé, “Mo fẹ́ràn rẹ o!” Ìyàwó á dáhùn lórí òkè kejì pé, “Mo gbọ́ o, má súnmọ́ mi!”

Bàbá arúgbó kan yọ orí lójú fèrèsé.

“Àlejò, dúró níbẹ̀ yẹn! Kí lo ní?”

“Ìbọn àti àádùn ni, bàbá.”

“Mi ò béèrè ẹrù. Àìsàn wo lo ní?”

“Ara mi le bí òkúta!”

“Irọ́ ni. Kò sí ẹni tí kò ní nǹkan kan. Ìdí tí a ṣe ń sá fún gbogbo ènìyàn nìyẹn.”

Eruku kó sí ọdẹ lọ́fun. Ó húkọ́.

“Ó húkọ́ o!”

Àwọn ènìyàn tú síta. Wọ́n ń sá fún ọdẹ, wọ́n tún ń sá fún ara wọn, ẹni tó sá fún ará ọ̀tún á forí sọ ará òsì, á sì yí padà pẹ̀lú igbe. Ìró ẹsẹ̀ wọn dà bí yìnyín lórí òrùlé páànù. Níbi tí ìró náà ti pọ̀ jù ni ohun kan ti dìde lẹ́yìn ìlú. Agbérómì ni wọ́n ń pè é. Kò ní ọrùn, kò ní ẹsẹ̀. Etí àti ẹnu ló jẹ́ látòkè délẹ̀, etí náà tẹ́ rẹrẹ bí ewé kókò, ẹnu náà sì fẹ̀ bí ẹnubodè. Bí àwọn ènìyàn ti ń sáré, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ìró ẹsẹ̀ wọn mì, ikùn rẹ̀ ń dún gbì-gbì-gbì, ara rẹ̀ ń ga títí ó fi ga ju ìrókò lọ.

“Mo ti rí ọ!” ni Ọdẹ́rìndé ké. Ó yìn ín níbọn. Gbòlà! Ọta wọ inú ẹranko náà, kò jáde. Ṣùgbọ́n ìró ìbọn lé gbogbo ẹran igbó dìde. Ẹtu sá, ìgalà sá, ẹyẹ fò, Agbérómì sì gbé gbogbo rẹ̀ mì, ó gùnfẹ̀.

“Ọdẹ mi,” ló wí, “ṣé òmíràn ò sí?”

Ọdẹ́rìndé fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ! Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, ṣòkòtò yín ni ẹ̀ bá gbàgbé síbẹ̀. Ó sáré kọjá ẹ̀gbẹ́ òkè, ó sáré la odò, ẹ̀gún fa àyà rẹ̀ ya. Bó ti ń sáré tó ni ẹranko náà ń tóbi sí i, nítorí ẹsẹ̀ ọdẹ fúnra rẹ̀ ló wá di oúnjẹ rẹ̀. Ìgbà tí kò lè mí mọ́ ló já sí àfonífojì kan tí òórùn epo tuntun gbà kan. Ẹbu epo ni. Àwọn ènìyàn ń fún epo, wọ́n ń ṣa èkùrọ́, wọ́n ń bú ara wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

“Ẹ sá o! Agbérómì ń bọ̀!”

Kò sẹ́ni tó mira.

Lákòókò náà gan-an ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lásùnkànmí ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n epo. Ara rẹ̀ le gan-an, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọdẹ mọ ohun tó rí. Ó fa ṣíbí onígi yọ nínú àpò, ó fò sí i. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹbu, ẹni kúkúrú tí epo bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, gbá a lọ́wọ́ pàì!

“Gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀! Ṣé ìkòkò ọbẹ̀ ni ẹnu rẹ̀?”

“Kó má baà gé ahọ́n jẹ ni, ìyá!”

“Eyín ta lo ti fi ṣẹ́ rí?”

Ọdẹ ju ṣíbí sílẹ̀.

Ìyá Ẹbu kò dúró gbọ́ èsì. Ó yí òkúta kúrò nítòsí Lásùnkànmí, ó ká gèlè rẹ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ó tú ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, ó sì yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè rọ́nà jáde. Kò dì í mọ́lẹ̀. Kò ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó jókòó tì í, ó sì fa agbọ̀n èkùrọ́ mọ́ra.

“Kí ni kí èmi wá ṣe?” ni ọdẹ béèrè.

“Jókòó.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Máa jókòó lọ.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Ọdẹ́rìndé ti bá erin pàdé lójú ọ̀nà tóóró. Ó ti wẹ odò tí ọ̀nì kún inú rẹ̀. Kò sí èyí tó le tó ìjókòó yìí. Agbérómì ti dé etí ẹbu, èémí rẹ̀ ń fẹ́ eérú sí wọn lójú. Ìdí ń yún ọdẹ, ẹsẹ̀ ń yún ọdẹ, ó fẹ́ dìde, Ìyá Ẹbu di etí aṣọ rẹ̀ mú ṣinṣin, ó sì ń bá ìtàn ewúrẹ́ kan tó jẹ ọṣẹ dúdú rẹ̀ lọ.

“Ẹ wá rí i, nígbà tó ké ‘mẹ̀ẹ́’, ìfóòfó ló ń jáde!”

Gbogbo ẹbu bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹsẹ̀ kan tó sáré. Agbérómì tẹ́ etí, kò gbọ́ nǹkan tí yóò jẹ. Ó lá ilẹ̀, ilẹ̀ kò dún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó di ìwọ̀n erin, ó di ìwọ̀n ewúrẹ́, ó di ìwọ̀n èkúté, ó sì wọ abẹ́ háhá ẹyìn.

“Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ pa!”

“Bí o bá lé e, ẹsẹ̀ tìrẹ ló máa jẹ. Fi í sílẹ̀ kí ebi máa pa á.”

Ọdẹ rántí àlọ́ iwin, ó wá mọ ìdáhùn rẹ̀: Agbérómì ni.

Lásùnkànmí la ojú. Ó wò yíká.

“Ta ló jókòó?”

“Èmi ni,” ni Ìyá Ẹbu dáhùn, “àti àlejò kan tó ń mira bí ẹni tó jókòó lé ìjàlọ.”

“Ẹ ṣeun. Èmi ló kàn láti jókòó ti ìyá arọ lọ́la.” Ó sinmi díẹ̀, ó mumi, ó sì padà sídìí epo rẹ̀.

Ọdẹ yí sí Ìyá Ẹbu. “Ẹ ṣàánú rẹ̀ púpọ̀.”

“Àánú kẹ̀? Àánú máa ń rẹ ènìyàn. Àáró ni à ń ṣe níbí. Ṣé ẹ kì í ṣe é nílùú yín? Lónìí a bá ọ ro oko, lọ́la ìwọ náà á bá ẹlòmíràn ro tirẹ̀. Bí a ti ń ro oko náà la ṣe ń jókòó ti ara wa. Wárápá ò ran ènìyàn. Sísá ló ń ràn.”

Ọdẹ gbé àárín wọn, ó ṣe àáró tirẹ̀ bí àwọn yòókù. Ìgbà tó rí i tí àwọsánmà bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lọ́nà Ìgbòṣàn ló fò dìde.

Ọ̀nà àlọ ló ń gùn, ọ̀nà àbọ̀ kì í pẹ́. Ó bá gbogbo ìlú ní ojúde ààfin, Àwẹ̀ró jókòó láàárín pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ẹní tó ká sórí ẹrù náà. Ojú ọ̀run ti ṣú.

“Orí náà dà?” ni Onígbòṣàn béèrè.

“Kábíyèsí, mo rí i. Kò ní ọrùn.”

Ariwo sọ. Ìjòyè Ọ̀tún nàka. “Mo wí bẹ́ẹ̀! Ẹnu ló ní, kò ní iṣẹ́. Kí obìnrin yìí gbé ẹrù rẹ̀!”

Àwẹ̀ró dìde láti gbé ẹrù. Bóyá oòrùn ni, bóyá àìsùn ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan ẹní tó fi ṣubú.

Ìlú fọ́n ká! Àpótí ń dojú dé, bàtà ń fò, ìjòyè ń gun ìjòyè lórí àtẹ̀gùn ààfin. Òjìji ńlá kan bo ojúde, gbogbo ènìyàn gbójú sókè, wọ́n sì rí Agbérómì fún ìgbà àkọ́kọ́, ó la ẹnu lókè wọn. Bí wọ́n ti rí i ni wọ́n túbọ̀ ń sá, bí wọ́n ti ń sá ló ń ga.

Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn sílẹ̀. Ó gbé àpótí kan tó ní igun kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù gbérí ọdẹ, ó ká a sábẹ́ orí rẹ̀, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì jókòó sínú eruku.

“Ẹ jókòó!” ló kígbe. “Ẹ̀yin ará Ìgbòṣàn, ẹsẹ̀ yín ló ń jẹ! Ẹ jókòó!”

Wọ́n ṣì ń sá lọ. Òjìji náà ń sọ̀ kalẹ̀, èémí rẹ̀ ti ń gbé eruku lára aṣọ Àwẹ̀ró.

Agogo kan ró lulẹ̀, gbàgààn. Oyèkànmí akígbe jáde láàárín èrò. Kò sáré. Ó rìn wá, ó kúnlẹ̀, ó tú okùn tó fún Àwẹ̀ró lọ́rùn, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu itọ́ ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ. Ó gbé apá rẹ̀ tó há sábẹ́ ìhà, ó tẹ́ ẹ dáadáa, ó sì jókòó.

“Pẹ̀lẹ́,” ló ń wí. “Pẹ̀lẹ́, ó ti ń kọjá. A wà níbí.”

Ọdẹ tẹjú mọ́ ọn. “Oyèkànmí, ta ló kọ́ ọ?”

Akígbe yí ojú sápá kan. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ti rí ọwọ́ rẹ̀, wọ́n rí i pé ọwọ́ náà mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Obìnrin kan tó ti sá létí odò padà wá, ó rọra jókòó. Ẹlòmíràn jókòó tì í. Onígbòṣàn fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ó tú aṣọ jọ, kò mọ bí ènìyàn ṣe ń jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́, ìdí rẹ̀ ló kọ́kọ́ balẹ̀, gbì.

“Níbo ni kí n gbé ọwọ́ sí?” ló béèrè.

“Ẹ fi sórí itan yín, Kábíyèsí,” ni ọdẹ wí. “Ẹ sáà jókòó.”

Ojúde dákẹ́. Agbérómì tẹ́ etí títí, kò rí nǹkan kan gbé mì. Ó rù, ó rù, ó bọ́ sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí àfè ìmòjò, kò sì sí ẹni tó lé e.

Àwẹ̀ró lajú. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo Oyèkànmí, ó wo ọba nínú eruku.

“Kí ló dé?” ló wí. “Ṣé mo kú ni?”

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu gbogbo ìlú, ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Onígbòṣàn gbé ohùn sókè, ó ní Àwẹ̀ró kò ní lọ sí ibì kankan, ẹni tó bá tún lé e, ààfin ni onítọ̀hún lé. Ọdẹ́rìndé wá sọ ti àáró fún wọn. Bó ti sọ ọ́ tán ni Àwẹ̀ró jókòó dáadáa.

“Ó dáa. Bó bá jẹ́ àáró ni, mo ní tèmi láti san. Ta ló kọ́kọ́ jókòó tì mí lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi?”

Gbogbo ènìyàn wo Oyèkànmí. Akígbe gbé agogo rẹ̀ nílẹ̀, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

“Fẹ̀yíntọlá ló kọ́ mi,” ló wí.

“Ìyàwó rẹ tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀?” ni ẹnì kan béèrè. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń fi bú u lọ́jà pé agogo rẹ̀ ló lé ìyàwó lọ.

“Kò kọ̀ mí. Ó wà nínú ilé. Láti ọdún tí ó ti ṣubú nínú oko ẹ̀pà ni kò ti yọ sí ìta. Òun ló ní kí n máa jẹ́ kí ẹ bú mi.” Ó nu ojú. “Mo kígbe lé ọ jáde, Àwẹ̀ró, nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà wo ọ̀nà ilé mi.”

Ọdẹ́rìndé rò pé àbúrò òun á bínú. Àwẹ̀ró na ọwọ́ sí akígbe.

“Fà mí dìde.”

Ó gbé ẹní rẹ̀ sí abíyá, eruku ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì mú ọ̀nà ilé Oyèkànmí pọ̀n. Kò gbà kí èrò tẹ̀ lé e ju ẹnu ọ̀nà àbáwọlé lọ. Ọdẹ́rìndé tó lè gbọ́ ẹsẹ̀ ẹtu nínú ewé gbígbẹ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, ó ń tẹ́tí. Àwẹ̀ró kan ilẹ̀kùn inú.

“Ta nìyẹn?” ni ohùn kan wí nínú òkùnkùn.

“Èmi Àwẹ̀ró ahunní ni. Ìwọ sọ èmi sọ ni mo bá wá. Àáró kàn mí.”

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ tí Fẹ̀yíntọlá ń fa ọ̀pá ìdábùú ilẹ̀kùn láti inú.

Ìtàn tí mo rù wá nìyẹn, mo ti sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń yún un láti dìde, kó kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó tì í.